Ọmọ Tó Ń Dá Ìwé Kà

Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa mọ àáró. Bí èèyàn mẹ́rin bá jọ dá a sílẹ̀, oko ẹnì kan ni gbogbo wọn á kọ́kọ́ kọ ebè rẹ̀, lọ́la ó di ti ẹlòmíì, títí á fi kárí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pe ìyẹn ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ àgbẹ̀ náà bá di akẹ́kọ̀ọ́, a ó ní kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kó dá jìjàdù.

Ní Yunifásítì Berkeley, ní California, ọ̀rọ̀ kan ń kọ olùkọ́ ìṣirò tó ń jẹ́ Uri Treisman lóminú láàárín ọdún 1970 sí 1979. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ń ṣe dáadáa ní girama ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò calculus ọdún kìíní. Ó bi àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tó fà á. Wọ́n ní ọmọ ò ní ìtara, òbí ò bìkítà, òṣì ni. Treisman mú ọmọ aláwọ̀ dúdú 20 àti ọmọ ìran China 20, ó sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn débi pé ó kù díẹ̀ kó máa bá wọn gbé.

Irọ́ gbáà ni ti òbí. Àtikékeré ni wọ́n ti ń ti ọmọ wọn lẹ́yìn. Ọ̀nà ìkàwé ni ìyàtọ̀ wà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń ka calculus fún nǹkan bíi wákàtí 8 lọ́sẹ̀, bí olùkọ́ ṣe ní kí wọ́n ṣe é, kálukú sì ń dá tirẹ̀ kà. Ọ̀rẹ́ lọ́tọ̀, ìwé lọ́tọ̀. Àwọn ti China ń kà tó wákàtí 14: bí wọ́n bá dá kà tán, wọ́n á pé jọ lálẹ́, wọ́n á jọ dáná oúnjẹ, wọ́n á yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Bí ìbéèrè kan bá ta kókó fún gbogbo wọn, wọ́n mọ̀ pé òun ló le. Ẹni tó dá jókòó ò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí ara rẹ̀ ni yóò máa fura sí. (Lójú tèmi, ọkùnrin ni èyí ń pa lára jù, a ti kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ sọ pé nǹkan ò yé òun.)

Treisman ò ṣí kíláàsì fún àwọn tó rẹ̀yìn. Ọmọ tó ti ń gba ipò kìíní ò ní tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú jọ, ó sì fún wọn ní ìṣirò tó tún le jù ti kíláàsì lọ, kí wọ́n máa jọ fà á. Máàkì wọn gbé pẹ́ẹ́lí sókè.

Wọ́n lo irú ọ̀nà yìí níbòmíì náà. Ní 1988, Freeman Hrabowski, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá yunifásítì UMBC ní Maryland, àti olówó kan, Robert Meyerhoff, dá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú 19 ló kọ́kọ́ wọlé ní 1989. Kí ọdún ẹ̀kọ́ kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ ètò náà ti ń jọ gbé, tí wọ́n ń jọ kàwé. Jerome Adams, tó di ọ̀gá àgbà oníṣègùn Amẹ́ríkà ní 2017, ọmọ ètò náà ni.

Ẹ̀yin tí ọmọkùnrin yín ń wọ yunifásítì lọ́dún yìí, bí ẹ bá san owó ilé-ìwé tán, ẹ bi í léèrè àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé.