Ta ni yóò ju bọ́ọ̀lù, ta ni yóò kọ́ ọ? Àríyànjiyàn tí kì í tán ní Chicago

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó sì pè é lórí fóònù nínú oṣù kìíní ọdún, kó má jẹ́ kó yà òun lẹ́nu bó bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ìjà. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tó jọni lójú níbẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, Chicago Bears, kì í sí lórí pápá mọ́ lásìkò yẹn. Wọ́n á ti fìdí rẹmi, wọ́n á ti kó ẹrù wọn lọ sílé. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ sì máa ń gbóná. Láti àárọ̀ di alẹ́ làwọn èèyàn ń pe rédíò, ilé ìgẹrun kò gbẹ́yìn, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà kò gbẹ́yìn. Ìbéèrè méjì péré ni wọ́n ń jà lé lórí: ta ni yóò máa ju bọ́ọ̀lù fún wa, ta ni yóò sì jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí Segun Odegbami àti olóògbé Mudashiru Lawal gbá fún wa. Tiwọn gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó lẹ́nu méjèèjì bí èso kòkó, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré. Ọkùnrin mọ́kànlá ló ń kojú mọ́kànlá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan ń gbà kọjá. Òun ni wọ́n ń pè ní quarterback. Yóò dúró lẹ́yìn àwọn ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ márùn-ún tó ń dáàbò bò ó, yóò gba bọ́ọ̀lù, yóò wo iwájú, yóò sì ti jù ú sí ẹni tó ń sáré lọ kí ẹni tó ń wò ó tó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn alátakò á ti gbé e ṣánlẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dára, ẹgbẹ́ tí kò ní láárí á di ẹni à ń bẹ̀rù. Bí kò bá dára, kò sí oògùn rẹ̀.

Àwọn ará Chicago kò tíì rí oògùn náà láti oṣù kìíní ọdún 1986. Lọ́dún náà, Mike Ditka ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Jim McMahon ló ń ju bọ́ọ̀lù, wọ́n sì na New England ní 46 sí 10 láti gba ife ńlá tí wọ́n ń pè ní Super Bowl. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti di bàbá ọmọ, wọn kò sì tíì gba òmíràn.

Ìgbà kan wà tó kù díẹ̀. Orúkọ ọmọ Yorùbá kan sì wà nínú ìtàn náà. Adewale Ogunleye, tí wọ́n bí sí Brooklyn ní New York, dé sí Chicago láti Miami lọ́dún 2004. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sáré lé quarterback àwọn alátakò, kó sì gbé e ṣánlẹ̀. Ìgbà 15 ló ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2003 nìkan. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2007, Bears bá ara wọn ní àṣekágbá, nínú òjò ní Miami, pẹ̀lú Indianapolis Colts. Lovie Smith ló ń darí Bears, Tony Dungy ló ń darí Colts. Ọjọ́ náà ni aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ dé Super Bowl gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, àwọn méjèèjì ló sì jọ débẹ̀ pọ̀. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, Devin Hester gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó sì gbé e sáré títí dé òpin pápá. Chicago ń fò sókè. Àmọ́ nígbà tí eré ń lọ sópin, ẹ̀ẹ̀mejì ni quarterback wọn, Rex Grossman, ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá. Colts borí ní 29 sí 17. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Bears ló ṣì ń bèèrè títí dòní pé, ká ní ẹlòmíràn ló ń jù ú ńkọ́?

Lovie Smith wà níbẹ̀ títí di ọdún 2012. Lọ́dún náà, ìdíje 10 ló borí nínú 16, síbẹ̀ wọ́n lé e ní ọjọ́ tí ọdún ń parí gan-an. Àwọn kan ní ó tọ́, nítorí kò kó wọn dé ìpele tó kàn. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ń borí báyìí, ṣé wọ́n máa ń lé e ni? Bruce Arians wà lára àwọn tí wọ́n pè wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ṣùgbọ́n Marc Trestman, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, ni wọ́n mú. Ọdún méjì ni Trestman lò. Arians lọ sí ibòmíràn, ó sì padà gba Super Bowl pẹ̀lú Tampa Bay. Wọ́n ṣì ń fi èyí bú àwọn tó ni kíláàbù.

Nígbà tí inú bá ń bí àwọn olólùfẹ́, quarterback ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láti 2017 á rí i pé ètò gan-an ló dojú rú. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, ọ̀gá ló máa kọ́kọ́ wádìí. Kò sí òbí tó máa fa ọmọ rẹ̀ lé ọ̀gá tó ti ń di ẹrù lọ́wọ́. Ohun tí Bears sì ṣe nìyẹn, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá níbẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdọọdún, àwọn kíláàbù 32 tó wà nínú líìgì NFL máa ń mú lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ tó bá gbẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ mú, ẹni tó gba ife ló ń mú kẹ́yìn. Kíláàbù sì lè ta ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní 2017, ipò kẹta ni Bears wà. Wọ́n fi àǹfààní mẹ́ta mìíràn lé e fún San Francisco kí wọ́n lè sún sí ipò kejì, wọ́n sì mú Mitchell Trubisky. Ẹni tí wọ́n fi í lé lọ́wọ́ ni John Fox, tó ti pàdánù ìdíje 23 nínú 32 ní ọdún méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní ọdún 2018, wọ́n ti lé Fox lọ. Matt Nagy dé, ó kó èdè tirẹ̀ dé, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbi tó ti wá dun àwọn ará Chicago wọnú eegun ni ti Patrick Mahomes. Òun náà wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú Trubisky, òun ni ẹni kẹwàá tí wọ́n mú. Kansas City ló mú un, níbi tí Andy Reid ti wà láti 2013 tí kò lọ síbì kankan. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìdíje kan ṣoṣo ni Mahomes bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn Alex Smith, ó ń wò. Ife Super Bowl mẹ́ta ló gbà láàárín 2020 sí 2024. Ká má tan ara wa, kò sẹ́ni tó lè búra pé ìbá rí bẹ́ẹ̀ fún un ká ní Chicago ló lọ.

Ní 2021, wọ́n tún ṣe é. Wọ́n sún láti ipò ogún sí ìkọkànlá kí wọ́n lè mú Justin Fields. Nagy ló gbà á lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n lé Nagy ní oṣù kìíní ọdún 2022. Matt Eberflus ló rọ́pò rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé ìdáàbòbò ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù. Fields ní ẹsẹ̀ bíi ti ìgalà. Ní 2022 nìkan, eré tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá kọjá 1,000 yáàdì, ṣùgbọ́n ìdíje mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ náà borí nínú 17.

Bí iyàn tó tóbi jù ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Bears ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ Carolina nípasẹ̀ pàṣípààrọ̀ kan, Caleb Williams ti yunifásítì USC sì wà nílẹ̀. Ṣé kí wọ́n mú un, àbí kí wọ́n fi Fields sílẹ̀? Ìdajì ìlú ní Fields kò tíì rí olùkọ́ gidi rí, kí wọ́n má lé e. Ìdajì kejì ní ọdún mẹ́ta ti tó. Tẹbí tará kò bá ara wọn ṣe àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Lóṣù kẹta, wọ́n ta Fields fún Pittsburgh ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì mú Williams lóṣù kẹrin.

Àwọn àgbàlagbà dúdú ìlú náà mọ ohun kan tí àwọn ọmọdé lè má mọ̀ nípa iyàn yẹn. Aláwọ̀ dúdú ni Fields, aláwọ̀ dúdú ni Williams. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọmọ dúdú bá ń ju bọ́ọ̀lù dáadáa ní yunifásítì, wọ́n á ní kó lọ máa sáré tàbí kó lọ máa dáàbò bo ilé. Àwọn tó ni kíláàbù kò gbà pé orí rẹ̀ lè gba iṣẹ́ náà. Bears fúnra wọn ló ní Willie Thrower, tí orúkọ bàbá rẹ̀ gan-an túmọ̀ sí ẹni tó ń ju nǹkan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1953, wọ́n ní kó wọlé bá San Francisco. Ó ju bọ́ọ̀lù mẹ́jọ, mẹ́ta bá ọwọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbà tí sáà náà parí, wọ́n ní kó máa lọ. Ọdún 15 kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kí dúdú mìíràn, Marlin Briscoe ti Denver, bẹ̀rẹ̀ eré ní ipò náà. Ti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kò tíì tán síbẹ̀. Láti 2003 ni òfin líìgì ti sọ pé kíláàbù tó bá ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ wá ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lẹ́nu wò. Síbẹ̀, àwọn márùn-ún tí Bears gbà lẹ́yìn Lovie Smith, láti 2013 di 2025, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn.

Ṣé Bears wá kọ́ ọgbọ́n fún Williams? Rárá o. Eberflus tí ilé ti ń wó lé lórí náà ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́. Ìgbà 68 ni wọ́n gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, lóṣù kọkànlá, wọ́n ń sáré lé Detroit bá pẹ̀lú àmì mẹ́ta péré láàárín wọn. Agogo ń lọ, àǹfààní láti dá eré dúró wà lọ́wọ́ Eberflus, kò lò ó. Àkókò tán, wọ́n pàdánù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n lé e. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan tí Bears lé láàárín sáà rí ṣáájú rẹ̀, láti 1920 tí George Halas ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Thomas Brown, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, di àkóso mú fún ìdíje márùn-ún tó kù.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n gba Ben Johnson, ẹni tó ń ṣètò bí Detroit ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ tí ọmọ wá kọ́ gan-an ni wọ́n wá. Ní sáà àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ ṣe, ìdíje 11 ni wọ́n borí nínú 17, wọ́n ṣe ipò kìíní ní ìpín wọn, wọ́n sì na Green Bay tó jẹ́ ọ̀tá àtayébáyé kí Los Angeles Rams tó dá wọn dúró.

Inú àwọn alátìlẹyìn Fields kò dùn tán síbẹ̀. Ní Pittsburgh, ìdíje mẹ́rin ló borí nínú mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 kí wọ́n tó fi í sẹ́yìn, ó sì gba New York Jets lọ ní 2025. Wọ́n ń bèèrè pé, ká ní Johnson ni wọ́n gbà ní 2021, tí wọ́n sì fa ọmọ yẹn lé e lọ́wọ́, ta ni ìbá mọ Caleb Williams ní Chicago?