Bí wọ́n bá kọlu mọ́tò yín, ìwé ínṣọ́ránsì onítọ̀hún ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè

Kò sí ọjọ́ tí ilẹ̀ ń mọ́ nílùú Èkó tí a kì í rí i: mọ́tò méjì dúró sójú títì, èyí tó wà lẹ́yìn ti fi imú gún ìdí èyí tó wà níwájú, àwọn awakọ̀ méjèèjì ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń na ìka síra wọn, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti gùn lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn èrò inú dáńfó sì ń kígbe pé kí wọ́n lọ parí ìjà wọn níbòmíràn. Kò ní í pẹ́ tí ọ̀kan yóò fi dọ̀bálẹ̀, àwọn alárinà yóò bá a bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ti Ọlọ́run ṣe é, èkejì yóò gba ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan, tàbí kí ó má tilẹ̀ gba kọ́bọ̀, oníkálùkù yóò sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ẹni tí wọ́n ba mọ́tò rẹ̀ jẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ panẹ́ẹ̀lì bítà ni yóò tó mọ̀ pé owó tí òun gbà kò tó ra iná ẹ̀yìn kan ṣoṣo.

Díẹ̀ ló kù kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún èmi tí mo ń kọ ìròyìn yìí lóṣù kẹrin, ọdún 2024. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, mo dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nítòsí Ìyànà-Ìpájà, ni jíìpù dúdú kan bá ti ẹ̀yìn wá kọlu Corolla mi. Bọ́ńpà ẹ̀yìn fọ́ sí méjì, iná ẹ̀yìn apá òsì rún wómúwómú, ara mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ sì tẹ̀ wọnú. Ọkùnrin tó wa jíìpù náà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun, òde ló ń lọ, kò sì ṣe jàgídíjàgan rárá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni." Ó ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lé mi lọ́wọ́, ó fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó ní bí kò bá tó, kí n pe òun.

Mo ti ń ki owó náà bọ àpò nígbà tí bàbá fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn létí títì, tó ti mọ̀ mí lójú, na ọwọ́ sí mi. Bàbá ní, "Akọ̀ròyìn, bi í léèrè ìwé ínṣọ́ránsì rẹ̀ ná. Owó ọwọ́ ẹ yẹn ò lè tún mọ́tò ṣe." Ojú tì mí díẹ̀, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ra ìwé yìí fún mọ́tò tèmi, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ti ẹlòmíràn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò ni pé ìwé tẹ́ẹ̀dì pátì tí a ń rà lọ́dọọdún, ìwé ọlọ́pàá ni, ìwé tí a ń nà sí wọn lójú ọ̀nà kí wọ́n lè jẹ́ ká kọjá. Bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó ra ìwé náà, ẹni kejì ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó tà á fún un, ẹni kẹta sì ni ẹni yòówù tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe tàbí tó bá ba dúkìá rẹ̀ jẹ́. Ìwé náà kì í tún mọ́tò ẹni tó rà á ṣe, mọ́tò ẹni tí onítọ̀hún kọlù ni wọ́n ṣe é fún. Nítorí náà, ìwé tó wà nínú jíìpù ọkùnrin alágbádá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló sanwó rẹ̀, èmi gan-an ló wà fún lọ́jọ́ náà.

Dandan ni òfin sọ ọ́. Òfin ìdójútòfò ọdún 2003 ló là á sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ jáde sójú pópó láìní ìwé tó lè san gbèsè dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá bà jẹ́, mílíọ̀nù kan náírà sì ni òfin náà fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tó kéré jù. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu buwọ́ lù lọ́dún 2025 ti rọ́pò òfin yẹn, ṣùgbọ́n kò mú dandan náà kúrò. Ṣáájú ìgbà náà, láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2023, ni àjọ NAICOM tó ń ṣe àkóso àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti sọ owó ìwé tẹ́ẹ̀dì pátì ọkọ̀ aládàáni di 15,000 náírà láti 5,000 tó wà tẹ́lẹ̀. Ariwo owó yìí ni gbogbo ayé gbọ́. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni pé ọjọ́ kan náà ni NAICOM gbé iye tí wọ́n lè san fún ẹni tí wọ́n ba dúkìá rẹ̀ jẹ́ láti mílíọ̀nù kan lọ sí mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Bí ìbàjẹ́ náà bá ju iye yẹn lọ, ọrùn ẹni tó ṣe é ni ìyókù wà.

Ojú ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni ẹjọ́ yín ti máa ń dára tàbí kí ó bàjẹ́. Kí ẹ tó gbé mọ́tò kúrò lójú títì, ẹ ya fọ́tò méjèèjì bí wọ́n ṣe dúró, kí nọ́ńbà wọn hàn, kí ojú ọ̀nà náà sì hàn. Ẹ ya fọ́tò ìwé ínṣọ́ránsì onítọ̀hún, kí orúkọ ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà ìwé àti ọjọ́ tí yóò parí hàn ketekete, kí ẹ sì ya ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Bàbá fẹ́ńdọ̀ ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí tèmi. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kọjá sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ adójútòfò sábà máa ń béèrè àbọ̀ ìwádìí ọlọ́pàá, ẹni tó bá sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí ó tó lọ, àlàyé rẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ wọ̀ wọ́n létí mọ́.

Ó yẹ kí n ya díẹ̀ síbí, nítorí ẹni tí wọ́n kọlù lónìí lè kọlu ẹlòmíràn lọ́la. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀, ẹ má ṣe ṣèlérí owó, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan pé ẹ̀bi yín ni. Ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àdéhùn ìdójútòfò pé oníbàárà kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ sí i. Ẹ bẹ ẹni náà, ẹ fún un ní ìwé yín, kí ẹ sì lọ fi tó ilé-iṣẹ́ yín létí.

Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ jù ni ayédèrú ìwé. Àwọn tó ń tà á pọ̀ káàkiri ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, owó pọ́ọ́kú ni, ó sì jọ ojúlówó lójú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá kéde pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò káàkiri Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní, oṣù kejì, ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sáré wá ìwé kiri, wọn kò sì wo ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti ń rà á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti mọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ilẹ̀ wa ní àkójọpọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, NIID ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, yóò sọ bóyá ọkọ̀ náà ní ìwé tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Orí fóònù mi ni mo ti wo ti jíìpù yẹn, níbi tí a dúró sí. Ojúlówó ni. Mo dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà rẹ̀ padà fún un, ó sì yà á lẹ́nu.

Lẹ́tà ló kàn. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹni tó kọlù yín ni ẹ ó kọ ọ́ sí, kì í ṣe tiyín, ẹ ó sì so àwọn fọ́tò, ẹ̀dà ìwé ọkọ̀ yín, àbọ̀ ọlọ́pàá àti ìwé ìṣirò owó iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹ gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tí ẹ ó mú lọ sílé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há ni pé ilé-iṣẹ́ náà yóò retí kí oníbàárà wọn fúnra rẹ̀ wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó sì kún fọ́ọ̀mù. Bí kò bá wá, fáìlì yín yóò kàn sùn síbẹ̀ ni. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin alágbádá fi ń sọ fún mi pé òun ń bọ̀ lọ́la. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò fi kún owó tí òun ń san. Ìgbà tí mo ṣàlàyé fún un pé bí ilé-iṣẹ́ kò bá san án, òun ni máa pè lẹ́jọ́, ló tó lọ kún fọ́ọ̀mù náà.

Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀gá panẹ́ẹ̀lì bítà mi ń yọ mí lẹ́nu. Ó ní kí n gbé mọ́tò wá kí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ojo má baà wọnú búùtù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò gbọ́ tirẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n bá ti nà, tí wọ́n ti kùn, kí ni ẹni tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán wá yóò tún rí? Ọ̀rá ni mo fi bo ibi iná tó fọ́. Nígbà tí ẹni náà dé, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì, ó ká kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù, ó sì fi hàn mí pé ilẹ̀ búùtù ti wọ́ níbi tí wọ́n ń gbé sípíà táyà sí. Èmi kò rí i, panẹ́ẹ̀lì bítà náà kò sì kọ ọ́ sínú ìṣirò tirẹ̀. Ó yẹ kí oníṣẹ́ yín yọ bọ́ńpà, kí ó wo abẹ́, kí ó tó kọ iye kankan sílẹ̀.

Ìṣirò oníṣẹ́ mi jẹ́ 430,000 náírà. Ilé-iṣẹ́ náà ní 260,000 ni àwọn yóò san. Wọ́n ní tòkúnbọ̀ ni mọ́tò mi, pé kò tọ́ kí àwọn ra ohun èlò tuntun sí ọkọ̀ àtijọ́. Àwíjàre wọn kò burú pátápátá, nítorí òfin ìdójútòfò ni pé kí wọ́n dá ènìyàn padà sí ipò tó wà kí òfò tó dé, kì í ṣe kí wọ́n sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sí iná ẹ̀yìn àti bọ́ńpà, kò sí ibi tí wọ́n ti lè rà á bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, mo gba iye tí wọ́n ń ta ohun èlò tòkúnbọ̀ náà lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta, lórí ìwé wọn, mo sì fi ránṣẹ́. Wọ́n sún un sí 375,000.

Kí wọ́n tó sanwó, wọn yóò kọ́kọ́ fi ìwé kan ránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní discharge voucher. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ohun tí ẹ sọ ni pé owó yìí tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ti fọwọ́ sí i tán kí wọ́n tó mọ̀ pé mọ́tò àwọn kò rìn tààrà mọ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń fi yín ṣeré, tí kò dáhùn lẹ́tà, tí kò sọ ìdí tí kò fi san, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ará ìlú. Ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ yẹn ni ẹ ó mú lọ.

Ẹni tó bá ní ìwé comprehensive, ọ̀nà tirẹ̀ rọrùn ju èyí lọ. Owó rẹ̀ ni kò rọrùn, nítorí NAICOM sọ pé kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ni yóò tún mọ́tò náà ṣe, wọn yóò sì lọ gba owó wọn padà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba owó kankan lójú títì, kó má sì sọ pé òun ti dárí jì, torí ẹ̀tọ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́ fi gba owó padà ló fi tọrẹ yẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní ìwé rárá ló nira jù. Bí dáńfó bá kọlù yín, tí awakọ̀ rẹ̀ kò ní ju owó èrò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe bá a ja ìjà kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá ẹni tó ni ọkọ̀ náà, nítorí onímọ́tò tó gbé ọkọ̀ fún awakọ̀ kí ó máa fi ṣiṣẹ́ fún òun kò bọ́ nínú ẹjọ́ ohun tí awakọ̀ náà bá fi í ṣe. Bí ẹ bá jọ ṣàdéhùn iye kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ọjọ́ tí yóò san án sì wà níbẹ̀. Gbèsè tó dájú, tó wà lórí ìwé, ni yóò di. Ní Èkó, láti ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ti wà, irú gbèsè bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún.

Oṣù kẹjọ ni owó tèmi wọ àkáǹtì. Mo ní kí ọ̀gá panẹ́ẹ̀lì bítà kó gbogbo ohun èlò àtijọ́ tó bá yọ jọ fún mi, kí n lè mọ̀ pé ó pààrọ̀ wọn lóòótọ́, mo sì dúró tì í nígbà tó ń tún ilẹ̀ búùtù ṣe. Bí oòrùn bá mú, ọ̀dà apá òsì ṣì pọ́n díẹ̀ ju ti apá ọ̀tún lọ, ṣùgbọ́n omi kò wọnú búùtù mọ́.