Mílíọ̀nù 22.5 dọ́là lọ́dún fún ẹni tó ti lọ: Ìṣirò tó dá awuyewuye sílẹ̀ ní Milwaukee

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ọdún 2025, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní líìgì NBA l'Amẹ́ríkà, ṣe ohun tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Wọ́n ní kí Damian Lillard, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbowó jù lọ́dọ̀ wọn, máa lọ. Bẹ́ẹ̀, àdéhùn rẹ̀ ṣì ku ọdún méjì, owó tó kù fún un sì lé ní mílíọ̀nù 112 dọ́là. Ọdún márùn-ún ni wọ́n pín owó náà sí, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 22.5 dọ́là lọ́dọọdún, fún ẹni tí kò wọ ẹ̀wù wọn mọ́.

Ojú ẹsẹ̀ làwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà pín sí méjì. Àwọn kan ní ìwà àpà gbáà ni, àwọn mìíràn ní kò sí ọ̀nà àbáyọ mìíràn. Kéèyàn tó lè dá ẹjọ́ náà, àfi kó kọ́kọ́ mọ bí òfin owó líìgì ọ̀hún ṣe rí.

Níbẹ̀, olówó kì í náwó bó ṣe wù ú. Líìgì ló ń pààlà sí owó táwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbà. Ní sáà 2025 sí 2026, mílíọ̀nù 154.6 dọ́là ni. Ẹgbẹ́ lè kọjá ààlà náà láti fi dá àwọn tirẹ̀ dúró, àmọ́ tó bá ti kọjá rẹ̀, kò lè fi owó ńlá mú èèyàn tó ti parí àdéhùn níbòmíràn. Owó ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ náà wà nínú ìṣirò yìí. Ká ní wọ́n kàn já Lillard sílẹ̀ lásán ni, mílíọ̀nù 54 ni ì bá wà lọ́rùn wọn lọ́dún àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 58 lọ́dún kejì.

Àmọ́ òfin fàyè sílẹ̀ láti fa irú owó bẹ́ẹ̀ gùn: wọ́n á sọ ọdún tó kù di ìlọ́po méjì, wọ́n á wá fi ẹyọ kan lé e. Bí ọdún méjì ṣe di márùn-ún nìyẹn, tí mílíọ̀nù 54 fi já sí 22.5. Àyè tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n fi gba Myles Turner, òpó kan ní Indiana Pacers, fún ọdún mẹ́rin, lówó tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Indiana yìí kan náà ló já Milwaukee lọ́dún 2024 àti 2025.

Kí ló kán wọn lójú? Giannis Antetokounmpo ni. Ọmọ Yorùbá tó bá pe orúkọ yẹn dáadáa á mọ̀ pé Adétòkunbọ̀ ni; ìlú Athens làwọn òbí rẹ̀ tó wá láti Nàìjíríà bí i sí, àwọn ará Gíríìsì ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló ṣáájú wọn gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún 2021, lẹ́yìn 50 ọdún tí wọ́n ti gbà á kẹ́yìn. Ọmọ 30 ọdún ni lọ́dún 2025. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ Lillard sì ti já ní oṣù kẹrin. Àwọn tó gbè sẹ́yìn àwọn aláṣẹ bi í pé: ṣé kí Giannis jókòó máa dúró dè é ni?

Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ oṣù keje kọ́ ni gbèsè yìí ti bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni, nígbà tí wọ́n gba Lillard lọ́wọ́ Portland. Wọ́n yọ̀ǹda Jrue Holiday, wọ́n fi ẹ̀tọ́ yíyan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ti ọdún 2029 sí i, wọ́n tún gbà kí Portland lè bá wọn pààrọ̀ ipò yíyan lọ́dún 2028 àti 2030. Portland ta Holiday fún Boston, Boston sì gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún 2024. Ọdún tí gbèsè Lillard ń jẹ lọ, títí di 2030, náà ni ọdún tí Milwaukee kò ní lè fọkàn tán ọ̀dọ́ tuntun, tówó wọn kì í wọ́n, láti gbà wọ́n sílẹ̀.

Ní oṣù keje yẹn kan náà ni Portland gba Lillard padà, fún ọdún mẹ́ta, mílíọ̀nù 42 dọ́là.