Ọjọ́ Kan Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Rìn Ní Sarajevo

Sarajevo, olú-ìlú Bosnia, kò fẹ̀ débi pé kí ẹlẹ́sẹ̀ líle máa wá ọkọ̀. Mo kírun àsùbáà ní Mọ́ṣáláṣí Gazi Husrev-beg, tí ó ti wà láti 1531. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kedere, mo gba ọjà Baščaršija, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà ti ń lu ìkòkò kọfí. Rírìn díẹ̀, ilé ìsìn àwọn Júù nìyẹn; kò pẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà.

Ní ẹ̀bá Afárá Latin ni wọ́n ti yìnbọn pa Franz Ferdinand, ẹni tí ìbá jọba Austria, ní 1914, tí ogun àgbáyé fi bẹ́ sílẹ̀. Afárá ọ̀hún kéré o!

Ṣùgbọ́n Vijećnica ni ó dá mi dúró. Ilé ìkàwé ni nígbà tí àwọn ọmọ-ogun tí ó dó ti ìlú yìnbọn àgbá sí i ní oṣù kẹjọ ọdún 1992. Ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé jóná, títí kan èyí tí àwọn àgbà fi ọwọ́ kọ. Wọ́n tún ilé náà ṣe, wọ́n sì ṣí i ní 2014. Èmi tí mo ti orí wàláà mọ ìwé, n kò lè sọ̀rọ̀.

Ní ojú títì, wọ́n fi ohun pupa dí ojú ihò tí ọta àgbá gbẹ́ níbi tí ó ti pa ènìyàn. Mo ń yà fún un títí mo fi dé ilé tí mo wọ̀ sí.