Egungun Kì í Ṣe Ẹran: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Kálórì Adìẹ Sísun

Ní ìrọ̀lẹ́ ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, òórùn adìẹ sísun kì í wọ́n ní ẹ̀bá títì. Àwọn ará ìlú náà ti fi orúkọ àpárá pe oríṣi méjì nínú rẹ̀. Èkíní ni adìẹ ìbílẹ̀, poulet bicyclette, èyíinì ni adìẹ kẹ̀kẹ́, nítorí pé ara kẹ̀kẹ́ ni àwọn ará oko ń so ó rọ̀ sí wọ ìlú. Èkejì ni poulet télévisé, tí ń yí bírí nínú àpótí onígíláàsì bí ẹni pé inú tẹlifíṣàn ni ó wà. Èyí ó wù kí a rà nínú méjèèjì, tòun ti egungun ni a ó gbé e fún wa, ibẹ̀ ni ìṣirò sì ti ń dojú rú.

Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Gíráàmù kan èròjà tí ń mú ara dàgbà ń mú nǹkan bí kálórì 4 wá. Gíráàmù kan ọ̀rá ń mú 9 wá. Egungun tí a dá padà sínú àwo kò mú nǹkan kan wá. Nítorí náà, ohun tí ó ṣeé jẹ nìkan ni ìwé àtẹ èròjà oúnjẹ ń kà. Ọ̀kan irú rẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 2012, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Àjọ ìlera ẹkùn wa tí ó fi Bobo-Dioulasso ṣe ibùjókòó wà lára àwọn tí ó ṣe é.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Ẹ wọn ẹran náà kí ẹ tó jẹ ẹ́; ẹ jẹ ẹ́ tán; ẹ wọn egungun; ẹ yọ ti ìkẹyìn kúrò nínú ti ìṣáájú. Ká ní itan adìẹ sísun kan wọn gíráàmù 150, tí egungun rẹ̀ sì wọn 45: gíráàmù 105 ni ẹ jẹ. Àtẹ àwọn ará Amẹ́ríkà fi adìẹ sísun tòun ti awọ sí kálórì 239 nínú gíráàmù 100. Kálórì 251 ni ti itan yìí nígbà náà. Ẹni tí ó bá ka egungun mọ́ ọn yóò kọ 358 sílẹ̀. Adìẹ tí a ń sìn fún ẹran ni àtẹ náà dúró lé. Adìẹ kẹ̀kẹ́ tí ń sáré kiri kì í sanra tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà iye tirẹ̀ lè dín díẹ̀.

Ẹ má ṣe fi iye ẹran tútù ṣírò ẹran sísun. Omi ni iná ń fà gbẹ, agbára kò bá a lọ. Ẹran adìẹ tí kò ní awọ jẹ́ 119 ní tútù, ṣùgbọ́n 190 ni bí a bá sun ún, nínú gíráàmù 100 kan náà.

Àwa tí a kì í fi egungun sílẹ̀ láìfọ́ ọ ńkọ́? Kérékéré tí a rún jẹ kò yí ìṣirò padà púpọ̀. Mùdùnmúdùn inú egungun màlúù tàbí àgbò ni kí a ṣọ́ra fún: ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ kà á bí ẹran lásán.

Nínú yàrá oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀ràn yìí ti ń di ọ̀ràn ẹ̀tọ́. Bí alásè bá wọn gíráàmù 120 fún olúkúlùkù tegungun-tegungun, ẹni tí ó gba àyà yóò jẹun yó, ẹni tí ó gba apá àti ọrùn yóò máa họ egungun. Ti aláìsàn tí dókítà pàṣẹ ìwọ̀n ẹran fún tún burú jù, nítorí bí ìdá mẹ́ta oúnjẹ rẹ̀ bá jẹ́ egungun, ìdá kan ti sọnù kí ó tó bu òkèlè. Kí alásè kó egungun gbogbo tábìlì jọ lẹ́yìn oúnjẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó wọ̀n ọ́n, yóò sì mọ iye tí ó yẹ kí ó fi kún ẹran tí ó ń rà.