Ilé Ijó Warehouse, Níbi tí Orin House ti Ṣẹ̀

Orin tí wọ́n ń pè ní house, tí ìlù rẹ̀ máa ń dún gbì, gbì, gbì ní nǹkan bí ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, gba orúkọ rẹ̀ lára Warehouse, ìyẹn ilé ìkẹ́rùsí, orúkọ ilé ijó kan tí Robert Williams dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1977. Frankie Knuckles, ọmọ New York, ni wọ́n fi ṣe DJ ibẹ̀, ẹni tó ń to àwo orin tẹ̀lé ara wọn fún àwọn oníjó. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń fẹ́ ọkùnrin ni Knuckles, àwọn bíi tirẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jó mọ́jú níbẹ̀.

Dísíkò ni wọ́n kọ́kọ́ ń jó, orin tí irú wọn ti gbé lárugẹ ní New York kí ayé tó gbà á. Ní July 12, 1979, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan kó àwọn àwo dísíkò jọ sí pápá ìṣeré Comiskey Park, ní Chicago kan náà, ó sì fi ohun abúgbàù fọ́ wọn lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ló sì gbà pé kì í ṣe orin nìkan ni inú ń bí àwọn èrò náà sí, bí kò ṣe àwọn tó ni ín pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ àwo fi sá fún dísíkò. Ohun tó yẹ kó pa ijó náà ló wá bí òmíràn, torí bí àwo tuntun ṣe ń wọ́n, Knuckles ń fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gé àwo àtijọ́, ó ń so ibi tó dùn jù pọ̀ kó lè gùn, ó sì tún fi ẹ̀rọ tó ń lu ìlù láìsí onílù kún un.

House kò dúró sí Chicago. Ní January 1987, orin house "Jack Your Body" tí Steve "Silk" Hurley ti Chicago ṣe di orin tó tà jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ọ̀dọ́ mú house falẹ̀ di kwaito. Láti ara méjèèjì ni amapiano ti wá, èyí tí wọ́n ń jó lóde àríyá l'Ékòó lónìí. Owó ńlá ni orin house ti pa fún àwọn tí kò fẹsẹ̀ tẹ Warehouse rí, kò sì wọ́pọ̀ kí orúkọ àwọn tó dá a sílẹ̀ jáde lẹ́nu wọn. Ti akọrin Beyoncé yàtọ̀: nígbà tó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní 2023 fún àwo Renaissance, ó dúpẹ́ ní gbangba lọ́wọ́ àwọn tó ń fẹ́ akọ tàbí abo bíi tiwọn pé àwọn ló dá irú orin náà sílẹ̀.

Ní 2004, ìjọba Chicago fi orúkọ Knuckles sọ apá òpópónà Jefferson tí Warehouse wà tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló kú, lẹ́ni ọdún 59.