Òru Méjì ní Ìkógòsì: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí ní Àkókò Ìsinmi

Nígbà tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń jáde láti ẹnu àwọn ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé: "Bàbá, níbo ni a ó lọ?" Bàbá a wo ìyá, ìyá a wo bàbá, wọn a sì dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ mú ìwé wọn kà. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a tọ́ dàgbà láàrin oko, ọjà, ilé-ìwé àti ilé ìsìn. Bí a bá sì gbọ́ nígbà náà pé ẹnì kan lọ sùn sí ìlú mìíràn, a mọ̀ pé òkú ni wọ́n lọ sin níbẹ̀, tàbí pé ìgbéyàwó ni, tàbí pé ara ẹbí kan kò yá. Pé kí bàbá, ìyá àti ọmọ di ẹrù, kí wọ́n lọ sùn sí ilé àlejò nítorí ìgbádùn nìkan, lójú wa ìwà ẹni tí owó ti pọ̀ jù fún lọ́wọ́ ni.

Àwa fẹ́ bẹ àwọn òǹkàwé wa pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ yìí rò, pàápàá jù lọ àwọn tí ń gbé ní Ìgèdè, ní Ìyìn, ní Adó àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, nítorí pé ibi tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú ìsinmi ìdílé báyìí ti di iṣẹ́ ńlá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje, ọdún 1955, ni Walt Disney, ẹni tí àwòrán tí ń rìn rẹ̀ ti mú inú àwọn ọmọdé dùn káàkiri ayé, ṣí ọgbà eré tí à ń pè ní Disneyland ní ìlú Anaheim ní California. Kí ọdún náà tó parí, ilé àlejò ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; nítorí ọmọ kì í fẹ́ kúrò ní ibi eré, òbí kò sì lè wà lórí ìdúró láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ní 1971 ni wọ́n ṣí èkejì ní Florida, tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ilé àlejò síbẹ̀ tí olúkúlùkù wọn ní ìrísí tirẹ̀, bí ẹni pé ó wá láti ilẹ̀ òkèèrè kan. Ọ̀kan nínú wọn, tí a ṣí ní 2001, ìrísí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n kọ́ ọ sí: òrùlé rẹ̀ dàbí ti koríko, àlejò a sì máa jí ní òwúrọ̀ kí ó bá àgùnfọn tí ń jẹ̀ níwájú fèrèsé rẹ̀. A kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òrùlé koríko tí àwọn bàbá wa fi ìyára ńlá ká kúrò lórí ilé wọn nígbà tí páànù dé, òun náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń san owó iyebíye láti sùn sí abẹ́ rẹ̀!

Nílé pẹ̀lú, àwọn kan ti rí ọgbọ́n yìí. Láti 1984 ni ibi ìsinmi tí à ń pè ní La Campagne Tropicana ti bẹ̀rẹ̀. Ó wà ní Ìkẹ́gun ní agbègbè Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, ní etí òkun, níbi tí a ti kọ́ ilé ní àṣà ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó wà ní Èkó lè ronú nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Ìgèdè, kí ni ó ń wá lọ sí etí òkun, nígbà tí ó ní Ìkógòsì?

Láti Ìgèdè, ọ̀nà Àrámọ̀kọ ni ènìyàn yóò tọ̀. Láti Àrámọ̀kọ ni yóò ti yà sí Ẹrínjìyàn, òun ni yóò sì gbé e dé Ìkógòsì. Ní ọ̀nà tí ó dára, kò tó wákàtí méjì. Bí ọkọ̀ ti ń lọ ni òkè ń ga sí i ní apá ọ̀tún àti apá òsì, tí igbó sì ń dí, tí afẹ́fẹ́ sì ń tutù, títí àwọn ọmọ yóò fi dákẹ́ ariwo wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá wọn wí.

Ohun tí ó sọ ibẹ̀ di olókìkí ni omi méjì. Ọ̀kan lọ́wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù. Olúkúlùkù ní orísun tirẹ̀, wọn a sì ṣàn wá pàdé ara wọn ní ojú kan, wọn a sì jùmọ̀ máa lọ. Ìwé àwọn arìnrìn-àjò mìíràn a máa sọ pé ooru omi náà tó òṣùwọ̀n 70 ti Celsius ní orísun rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí ó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n bá a ní nǹkan bí 38, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ooru ara ènìyàn lọ. Ìyá tí ó bá ti ń po omi fún ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́ ní òwúrọ̀ ọyẹ́ mọ irú omi bẹ́ẹ̀ dáadáa. Wọ́n tún ṣàlàyé pé òjò tí ó rọ̀ sórí àwọn òkè náà ni ó ń gba inú àlàpà àpáta lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, níbi tí ilẹ̀ tìkára rẹ̀ ti gbóná, tí ó sì tún ń gba ọ̀nà mìíràn gòkè padà kí ooru rẹ̀ tó tán. Kò sí òkè oníná ní ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ti máa ń rò.

Àwọn ará ìlú ní àlàyé tiwọn. Wọ́n a máa sọ pé ọdẹ kan ní aya méjì. Ọ̀kan jẹ́ onínú líle, èkejì jẹ́ onísùúrù. Ìjà wọn pọ̀ títí wọ́n fi di omi, tí oníkálukú sì gbé ìwà rẹ̀ wọ inú omi lọ. Kò sí ọmọ tí yóò gbọ́ ìtàn yìí tí kì yóò béèrè pé èwo nínú wọn ni ó jẹ̀bi. Àwa kò dá ẹjọ́ náà. A kàn ṣe àkíyèsí pé nínú gbogbo bí a ti gbọ́ ọ, kò sí ẹni tí ó sọ fún wa ohun tí ọkọ wọn ṣe láti parí ìjà.

Ìsinmi àwọn èwe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ibẹ̀. Ní 1952 ni míṣọ́nnárì ìjọ Baptist kan láti Amẹ́ríkà, Àlùfáà John S. McGee, mú kí a mọ ibẹ̀ káàkiri, tí a sì ṣe é ní ibùdó fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá àgbà ìsinsìnyí ni ó ti sùn síbẹ̀ nígbà èwe wọn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba nawọ́ sí i. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Káyọ̀dé Fáyẹmí jẹ́ gómìnà Èkìtì láti 2010 títí di 2014, a tún ibẹ̀ ṣe, a sì kọ́ ilé sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba yí padà, ìtọ́jú dínkù, koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò rẹ̀ padà. Gómìnà kan náà padà dé ní 2018, ó sì lo ọdún mẹ́rin sí i, ní àkókò yìí ni a fi àbójútó ibẹ̀ lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti lọ ní ìgbà tí ó bàjẹ́, tí ó sì búra pé òun kò ní padà mọ́, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó lọ láìpẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé. Àwọn tí ó súnmọ́ Ìkógòsì jù lọ ni kì í sùn síbẹ̀. Wọn a dé ní agogo mọ́kànlá, wọn a ki ẹsẹ̀ bọ omi, wọn a ya fọ́tò, wọn a jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé wá, agogo mẹ́rin a sì bá wọn lójú ọ̀nà. Èyí kò burú; ó sì sàn ju kí ènìyàn má lọ rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdílé ń wá kò sí nínú fọ́tò. Ní ilé, bàbá ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń dé nígbà tí oorun ti ń kun àwọn ọmọ. Ìyá wà ní ìsọ̀ rẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n wà ní ilé-ìwé tí a ti ń gbé. Àwọn tí ó kù wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn. Abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí wọ́n má tí ì jókòó pọ̀ jẹun lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ kan kò tó láti tú irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, bàbá ṣì ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀, ìyá sì ń rò bóyá a ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń dé ní tòótọ́.

A ti rí bàbá kan níbẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ le, tí ó jókòó sórí òkúta níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, pẹ̀lú bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ, dúró nínú omi.

"Ẹ wá wò ó, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi kan ń gbóná, èkejì ń tutù."

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

"Ẹ kò tí ì gbọ́, Bàbá. Ẹ bọ́ bàtà yín ná."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bọ́ ọ. Nígbà tí a tún gba ibẹ̀ kọjá, a ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ọmọ náà sì ń bi í léèrè irú ọmọ tí òun pẹ̀lú jẹ́ nígbà tí ó wà ní ìwọ̀n òun, ó sì ń dáhùn. A kò dúró láti gbọ́ ìyókù, nítorí kò kàn wá.

Àwọn ilé kéékèèké ni àlejò ń sùn sí, láàrin igi. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ wà níbẹ̀, omi lọ́wọ́ọ́rọ́ náà ni ó sì ń wọ inú rẹ̀, tí àwọn ọmọ kì í fi í gbọ̀n bí wọ́n tilẹ̀ wọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀. Níbẹ̀ gan-an ni àwọn òbí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Odò tí kò tutù kì í lé ọmọ jáde; ọmọ a pẹ́ jù nínú rẹ̀, ó sì lè rẹ̀ ẹ́ lójijì. Ẹ máa mú wọn jáde láti ìgbà dé ìgbà, ẹ sì fún wọn ní omi tútù mu. Ẹni tí kò bá mọ ìwẹ̀ odò, kí ó wà ní ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà lè tó o, kì í ṣe ibi tí ohùn rẹ̀ lè dé. A kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ kékeré sí abẹ́ ìṣọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú omi, nítorí ọmọdé ni ẹ̀gbọ́n náà pẹ̀lú. Ní ti àwọn tí ń sọ pé omi náà ń wo onírúurú àìsàn, a kò lè fi ọwọ́ sí i. Ó ń mú ara rọ̀, ó sì ń fúnni ní oorun dídùn. Aboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀.

Níti owó, a kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti jẹ gbèsè nítorí ìsinmi. Kí bàbá àti ìyá jókòó ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́. Bí owó òru méjì kò bá pé, kí wọ́n sùn ní òru kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè iye tí yàrá jẹ́, àti ọmọ mélòó ni a gbà nínú rẹ̀. Bóyá oúnjẹ òwúrọ̀ wà nínú owó náà, tàbí ó yàtọ̀. Bóyá a tún ń san owó láti dé ibi ìsun. Àti wákàtí mélòó ni iná máa ń wà. Kí wọ́n sì gba ìwé. Ní ilé àlejò kan ní ìlú mìíràn, tí a kì yóò dárúkọ, a ti san owó yàrá méjì sílẹ̀ fún ìdílé wa. Nígbà tí a dé ní alẹ́, ọ̀kan ni wọ́n fún wa, wọ́n ní ènìyàn ńlá kan ti gba èkejì, ọmọ mẹ́ta sì sùn lórí ẹní ní òru náà. Ìwé ìsanwó tí ó wà lọ́wọ́ wa ni a fi gba owó wa padà.

A gbọ́ tí àwọn ìyá kan ń bẹ̀rù pé oúnjẹ ilé àlejò kì í tẹ́ àwọn ọmọ lọ́rùn. Ẹ bi wọ́n bí iyán bá wà. Ilẹ̀ Èkìtì ni ibẹ̀, ìtìjú ni yóò sì jẹ́ fún gbogbo wa bí àlejò bá sùn ní ẹ̀ẹ̀mejì láìgbọ́ ìró odó.

Ẹni tí ó bá ní ọjọ́ kejì lọ́wọ́ lè mú àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ lọ sí Ìpólé-Ìlórò, tí kò jìnnà sí ibẹ̀, láti wo omi Àrìnta tí ń já láti orí àpáta. Ní àkókò òjò ni omi náà máa ń pọ̀ tí ó sì lẹ́wà jù lọ, ní àkókò yẹn kan náà ni òkúta ibẹ̀ sì máa ń yọ̀ jù lọ. Kí a wọ bàtà tí ó di ilẹ̀ mú, kí a gba afinimọ̀nà láti ìlú, kí a sì kúrò níbẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.